Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ẹ́ńjìnnì Wo Ni Ó Bá Ọkọ̀ Ojú Omi Yín Mu?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, lẹ́tà mẹ́rin ni a yàn fún abala ìbéèrè àti ìdáhùn lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni gbogbo wọn ń béèrè ní oríṣiríṣi ọ̀nà: báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì tí ó tọ́ sí ọkọ̀ kékeré? Mo ti dáhùn èkíní ní kíkún, nítorí pé púpọ̀ nínú ohun tí àwọn yòókù nílò wà nínú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ LÁTI Ẹ̀PẸ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Apẹja ni mí. Ọkọ̀ onípákó tí mo ń lò gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 25, ó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin níbi tí ó ti fẹ̀ jù. Ẹ́ńjìnnì 15, ìyẹn èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ agbára ẹṣin 15, ni ó ti wà lẹ́yìn rẹ̀ láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi kan ni a máa ń jáde, pẹ̀lú àwọ̀n, kúlà yìnyín kan àti kẹ́ẹ̀gì epo kan. Ní àárọ̀, ṣe ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń kọjá lára mi lójú ọ̀sà, nígbà tí mo bá sì fi padà dé, àwọn ìyá tí ń ra ẹja ti ra ti àwọn ẹlòmíràn tán. Mo ti tọ́jú owó díẹ̀, mo fẹ́ ra fọ́tì, ìyẹn ẹ́ńjìnnì tí ó ní agbára ẹṣin 40. Ṣé kí n rà á?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ewu ojú omi o, ẹ̀gbọ́n wa. Kí n tó sọ̀rọ̀ lórí ríra, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ọkọ̀ yín ń bá omi ṣe, nítorí pé ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ ni ó ń yan ẹ́ńjìnnì. Owó tí ó wà lọ́wọ́ kọ́ ni ó ń yàn án, ẹni tí ó kọjá lára wa ní àárọ̀ kọ́ sì ni.

Ọ̀nà méjì ni ọkọ̀ ń gbà rìn lójú omi. Èkíní ni pé kí ó máa la omi kọjá, kí ó máa ti omi sí apá ọ̀tún àti apá òsì, kí omi náà sì máa padà wá pàdé lẹ́yìn rẹ̀. Èkejì ni pé kí ó gbéra, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gun orí omi, kí ó sì máa yọ̀ lọ bí òkúta pẹlẹbẹ tí ọmọdé sọ sójú odò. Ọkọ̀ tí ó ń la omi ní ibi tí eré rẹ̀ mọ, gígùn rẹ̀ ni ó sì ń pinnu ibẹ̀. Bí ó ti ń lọ ni ó ń dá ìgbì sílẹ̀ níwájú ara rẹ̀. Bí eré náà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìgbì náà ń gùn sí i, títí tí yóò fi gùn tó ọkọ̀ fúnra rẹ̀, tí iwájú ọkọ̀ yóò gòkè, tí ìdí rẹ̀ yóò sì rì sínú kòtò tí ìgbì náà gbẹ́. Láti ibẹ̀ lọ, ọkọ̀ náà ti di ẹni tí ń gun òkè tí òun fúnra rẹ̀ ń mọ. Fún ọkọ̀ tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 25, nǹkan bíi kìlómítà 12 ní wákàtí kan ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ tín-ín-rín bíi ti yín lè kọjá ibẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n epo tí yóò jẹ kí ó tó kọjá kò ní kéré rárá.

Bí a bá fẹ́ kí ọkọ̀ gbéra kúrò nínú ìyẹn, ó ní iye ẹrù tí agbára ẹṣin kọ̀ọ̀kan lè gbé. Ìṣirò tí àwọn tí ń kan ọkọ̀ máa ń lò ni pé kí agbára ẹṣin kan má ṣe gbé ju nǹkan bíi kìlógíráàmù 11 sí 18 lọ, kí a sì ka ọkọ̀, ènìyàn, epo, àwọ̀n àti ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Òfin tí kò ṣeé yẹ̀ kọ́ ni, nítorí pé ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ máa ń tètè gbéra ju èyí tí ó rí róbótó lọ, ṣùgbọ́n ó tó láti fi ṣọ́ra fún àṣìṣe ńlá.

Ẹ jẹ́ kí a fi ṣírò ti yín. Mo fojú díwọ̀n ọkọ̀ yín sí kìlógíráàmù 450, nítorí pé pákó tí ó ti wà nínú omi fún ọdún púpọ̀ máa ń fa omi mu, ó sì máa ń wúwo ju bí ó ti rí lójú lọ. Ènìyàn méjì jẹ́ 150. Ẹ́ńjìnnì 15 jẹ́ bíi 40. Àwọ̀n tí ó tutù, ìdákọ̀ró, kúlà, yìnyín, epo àti ẹja tí ẹ bá pa yóò tó 260, bí Ọlọ́run bá ṣe é ní rere. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 900. Bí a bá pín in fún 15, agbára ẹṣin kan ń gbé 60. Ọkọ̀ yín kò lè gbéra láé pẹ̀lú èyí, kò sì yẹ kí ẹ máa retí rẹ̀. Ó dára, ẹ ra fọ́tì. Fọ́tì wúwo ju 15 lọ ní bíi kìlógíráàmù 35, nítorí náà gbogbo rẹ̀ di 935. Ẹ pín in fún 40, ó ku díẹ̀ kí ó pé 24. Ọkọ̀ yín kò tíì ní gbéra nígbà tí ó bá ru ẹrù! Ní àárọ̀, tí inú ọkọ̀ bá ṣófo, tí ẹnì kan ṣoṣo sì wà nínú rẹ̀, yóò sáré dáadáa, yóò sì dùn mọ́ yín nínú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ wálé pẹ̀lú ẹja, ní wákàtí gan-an tí ẹ fẹ́ tètè dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà, yóò padà sínú omi, yóò máa wọ́, ẹ óò sì ṣí ọwọ́ ẹ́ńjìnnì tán pátápátá kí ó baà lè fi díẹ̀ yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo ohun tí díẹ̀ náà yóò ná yín. Ẹ́ńjìnnì 15 tí a ń po òróró mọ́ epo rẹ̀ ń mu bíi lítà mẹ́fà sí mẹ́jọ ní wákàtí kan tí a bá ṣí i tán. Fọ́tì irú rẹ̀ ń mu bíi 16 sí 20. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí ó ń gbé yín fún ohun tí ó ju wákàtí mẹ́ta lọ yóò tán láàárín wákàtí kan àti díẹ̀. Ẹ kò sọ bí ibi tí ẹ ti ń pẹja ti jìnnà tó; ẹ jẹ́ kí a fi í sí kìlómítà 10. Bí ọkọ̀ yín bá ń rìn ní kìlómítà 10 ní wákàtí kan lónìí, tí fọ́tì sì sọ ọ́ di 13 nígbà tí ó ru ẹrù, ẹ óò fi ìṣẹ́jú 14 tètè dé. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, kò sí apẹja kan tí kò mọ ohun tí kẹ́ẹ̀gì epo kan túmọ̀ sí. Ìṣẹ́jú 14 ti wọ́n jù ní iye yẹn. Bí ẹ bá jí ní ìdajì wákàtí ṣáájú àsìkò tí ẹ ń jí báyìí, ẹ ti rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nípa epo. Nínú ọkọ̀ tí ó ń la omi, agbára tí a nílò kì í pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú eré. Ó máa ń fò sókè gan-an. Bí ẹ bá dín eré yín kù ní ìdá kan nínú márùn-ún, agbára tí ẹ nílò yóò dín sí bí ìdajì, epo tí ẹ óò sì lò láti dé ibi kan náà yóò dín ní bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Apẹja tí kò bá kánjú ń fi epo yìí ra yìnyín.

Mi ò tíì mẹ́nu kan ewu tí ó wà níbẹ̀. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, a gbé fọ́tì sí ìdí ọkọ̀ kan tí wọ́n kàn fún 15, nítorí pé ẹni tí ó ni ín kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ míì. Ọjọ́ kejì ni pákó ìdí ọkọ̀ náà là láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ó ti ń kọ orí padà, omi sì kún inú rẹ̀ kí wọ́n tó dé èbúté. Kò sí ẹni tí ó bá a lọ, ṣùgbọ́n mo ṣì ń rántí ìró pákó yẹn. Pákó tí a so ẹ́ńjìnnì mọ́ ni ó ń gba gbogbo ìtì tí pòròpélà, ìyẹn abẹ tí ń yí nínú omi, ń ti ọkọ̀. Bí a bá sọ agbára di ohun tí ó ju ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ lọ láìfi igi kún pákó náà, a ti ń bá a ṣe ìjà tí kò lè jà. Bákan náà, ìwúwo tí ó pọ̀ jù nídìí ọkọ̀ máa ń mú kí ẹ̀yìn rì, kí iwájú sì gòkè tí awakọ̀ kò fi ní rí ọ̀nà, ìgbì tí ó bá sì tẹ̀ lé e láti ẹ̀yìn lè wọlé.

Nítorí náà, ẹ má ra fọ́tì. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ẹjọ́ yín ti tán, nítorí pé ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 25 tí gbogbo ènìyàn ń kọjá ní àárọ̀ lè ní àìsàn tí ó fi pamọ́. Ẹ gbé e sí èbúté, kí ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀. Bí ewédò àti ìkarahun kéékèèké bá ti lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ ha wọ́n kúrò; èyí nìkan lè dá púpọ̀ nínú eré yín padà. Ẹ jẹ́ kí pákó náà gbẹ, kí ẹ sì dí ojú ìpàdé rẹ̀, nítorí pé omi tí ẹ ń gbọ́n jáde lójoojúmọ́ jẹ́ ẹrù tí ẹ kò gba owó rẹ̀. Ẹ wo pòròpélà bóyá etí rẹ̀ ti jẹ tàbí ó ti tẹ̀. Ẹ ṣí ẹ́ńjìnnì náà fún mẹkáníìkì kí ó yẹ púlọ́ọ̀gì àti kabúrétọ̀ rẹ̀ wò, kí ó sì wọn bí ó ti ń fún afẹ́fẹ́ mọ́ra sí, nítorí pé 15 tí ó ti lo ọdún mẹ́fà lè má ju 10 lọ mọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi fóònù wọn eré ọkọ̀ náà nígbà tí ó ṣófo àti nígbà tí ó ru ẹrù. Bí ẹ bá ṣe gbogbo rẹ̀ tí ó ṣì ń wọ́, 25 ni ìwọ̀n tí mo lè gbà yín nímọ̀ràn mọ, lẹ́yìn tí ẹni tí ó kan ọkọ̀ náà bá ti fi igi líle kún pákó ìdí rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ LÁTI ÌGBÓKÒDÁ

Ẹ ǹlẹ́ o, olóòtú. Oníṣòwò edé ni mí, mo sì ní ọkọ̀ fáíbà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 20 tí ó ń kó ọjà àti ènìyàn mẹ́wàá lọ sí Ayétòrò. Mo ra fọ́tì àlòkù kan fún un ní owó pọ́ọ́kú. Bí omi bá parọ́rọ́, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ti dé ibi tí ìgbì wà, ẹ́ńjìnnì á pariwo gan-an, ọkọ̀ kò sì ní lọ mọ́. Awakọ̀ mi ní fọ́tì kò tó, pé àfi kí n ra 75. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Ohun tí ẹ ṣàlàyé yìí fara jọ ẹ́ńjìnnì tí ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyẹn apá tí ó sọ̀ kalẹ̀ sínú omi, kúrú jù fún ọkọ̀, kí ẹ sì yẹ èyí wò kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan sí i. Ẹ́ńjìnnì tí ó ń pariwo láìti ọkọ̀ jẹ́ ẹ́ńjìnnì tí pòròpélà rẹ̀ ń yí nínú afẹ́fẹ́ dípò omi. Nígbà tí ìgbì bá gbé ìdí ọkọ̀ sókè, pòròpélà yóò sún mọ́ ojú omi, yóò fa afẹ́fẹ́ mu, agbára yóò sì pòórá, yálà 40 ni o tàbí 75.

Ìwọ̀n ẹsẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jẹ́ mẹ́ta: kúkúrú tí ó jẹ́ ínṣì 15, gígùn tí ó jẹ́ ínṣì 20, àti èyí tí ó gùn jù tí ó jẹ́ ínṣì 25. Ẹ mú okùn ìwọ̀n, kí ẹ wọn pákó ìdí ọkọ̀ yín ní àárín, láti orí rẹ̀ níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń jókòó dé ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fáíbà tí ó gùn tó ti yín máa ń jẹ́ 20. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí awakọ̀ gbé ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì wo irin pẹlẹbẹ tí ó wà lókè pòròpélà: ó yẹ kí ó bá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dọ́gba, tàbí kí ó fi bíi ínṣì kan lọ sísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá ga ju ìsàlẹ̀ ọkọ̀ lọ, ẹsẹ̀ kúkúrú ni wọ́n tà fún yín, ó sì jọ pé ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi jẹ́ pọ́ọ́kú.

Ẹnì kan lè wá sọ fún yín pé kí a gé pákó ìdí ọkọ̀ náà wálẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì baà lè wọlé. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbà. Gíga ìdí ọkọ̀ ni ògiri tí ó dá ìgbì tí ó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn dúró, ọkọ̀ yín sì ń kó ènìyàn mẹ́wàá ní etí òkun. Ẹ dá ẹ́ńjìnnì náà padà, tàbí kí ẹ fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí agbára rẹ̀ jẹ́ bákan náà.

Bí ẹsẹ̀ bá ti tọ́, ohun tí ó kàn ni pòròpélà. Nọ́ńbà méjì ni ó máa ń wà lára rẹ̀: èkíní ni fífẹ̀ rẹ̀, èkejì sì ni iye ínṣì tí ì bá lọ síwájú bí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan nínú ohun líle, bí ìṣó tí a ń yí (síkúrúù) ṣe ń wọ inú igi. Ọkọ̀ ẹrù nílò kí nọ́ńbà kejì yìí kéré, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ akẹ́rù ṣe ń lo jíà kékeré láti gun òkè. Bí ẹ bá fi ínṣì kan dín in kù, ẹ́ńjìnnì yóò máa yí ní bí ìgbà 150 sí 200 sí i ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Fọ́tì tí ó wọ́pọ̀ ní ọjà wa gbọ́dọ̀ lè yí dé bíi 4,500 sí 5,500 nígbà tí a bá ṣí i tán lórí ẹrù. Bí kò bá dé ibẹ̀, ó ń jìyà, bí pístìn rẹ̀ bá sì jóná, a kò lè di ẹ̀bi ru ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì.

Ní ti 75, awakọ̀ yín kò parọ́ tán pátápátá. Ènìyàn mẹ́wàá, ọkọ̀, ọjà àti ẹ́ńjìnnì yóò tó kìlógíráàmù 1,500, fọ́tì kò sì lè mú irú ẹrù yẹn gbéra. Ṣùgbọ́n kò dìgbà tí ó bá gbéra kí ó tó gúnlẹ̀ ní àlàáfíà. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó yá, ẹ dín ènìyàn kù sí mẹ́fà kí ẹ tó ronú nípa 75, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ náà bí ìdí rẹ̀ bá lè gbé e. Owó tí ó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi ra ẹ́ńjìnnì kékeré kan tí yóò wà nínú ọkọ̀ fún ọjọ́ tí ńlá bá kú lójú òkun, kí ẹ sì fi ra ẹ̀wù amúniléfòó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn èrò yín. Àjẹ̀ nìkan kò tó láti fi kojú òkun Ìlàjẹ.

ÌBÉÈRÈ LÁTI ÀGBÁDÁRÌGÌ

Ẹ jọ̀ọ́, nínú ẹ́ńjìnnì 15 tí a ń po òróró mọ́ epo rẹ̀ àti èyí tí kì í lo àpòpọ̀, èwo ni ó dára jù fún ọkọ̀ kékeré tí ó ń ná ọ̀sà?

ÌDÁHÙN

Agbára wọn dọ́gba, ìwúwo wọn kò dọ́gba. Alápòpọ̀ ń wúwo ní bíi kìlógíráàmù 36 sí 40, èkejì sì máa ń tó 50 tàbí kí ó fi díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ọkọ̀ tóóró, ìyàtọ̀ yẹn hàn nídìí. Èyí tí kì í lo àpòpọ̀ ń fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta epo pamọ́, kì í rú èéfín, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí a máa pààrọ̀ òróró inú rẹ̀ ní àsìkò, kí mẹkáníìkì tí ó mọ̀ ọ́n sì wà nítòsí. Ẹni tí ó ń rìn lójoojúmọ́ yóò rí owó rẹ̀ gbà padà lára epo. Ẹni tí ó ń rìn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, alápòpọ̀ ni mo máa fà lé lọ́wọ́, nítorí pé ẹ̀yà ara rẹ̀ wà ní gbogbo èbúté, ó sì rọrùn láti tú. Bí ìwé rẹ̀ bá sọ 50 sí 1, ìdajì lítà òróró ni ó lọ sí kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n.

ÌBÉÈRÈ LÁTI HOUSTON, NÍ ILẸ̀ AMẸ́RÍKÀ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ fi ọkọ̀ alumíníọ̀mù kan tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ránṣẹ́ sí bàbá mi ní Ìkòròdú, kí wọ́n máa fi ṣeré lọ pa ẹja lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì. Ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 14, ìdí rẹ̀ fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ó sì ga ní ínṣì 15. Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ inú rẹ̀ tí ó sọ pé agbára ẹṣin 15 ni ó pọ̀ jù. Bàbá mi ní nǹkan ìṣeré ọmọdé ni 15, pé fọ́tì ni àwọn fẹ́. N kò fẹ́ bá wọn jiyàn. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN

O kú ìtọ́jú bàbá, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí wọ́n jẹ èrè rẹ̀ pẹ́. Ìwé tí o rí yẹn kì í ṣe ìpolówó. Òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó pàṣẹ pé kí ó wà lára ọkọ̀ kéékèèké tí kò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 20, kí ó sì sọ iye ènìyàn, iye ẹrù àti agbára ẹ́ńjìnnì tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ìṣirò tí wọ́n fi dé orí nọ́ńbà náà rọrùn, o sì lè ṣe é níwájú bàbá. A ó sọ gígùn ọkọ̀ di púpọ̀ pẹ̀lú fífẹ̀ ìdí rẹ̀: 14 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 56. Fún ọkọ̀ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ tí igun rẹ̀ sì mú, tí a ń fi ọwọ́ darí láti ẹ̀yìn, a ó mú ìdajì 56, tí ó jẹ́ 28, a ó yọ 15 kúrò, ó ku 13. Òfin gbà kí a sún un sókè dé nọ́ńbà tí ó kàn tí 5 lè pín dọ́gba, ìyẹn 15. Bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò bá tẹ́ bẹ́ẹ̀, ì bá gbà ju 15 lọ, nítorí pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń wọ inú omi díẹ̀ nígbà tí ó bá ń yà, nígbà tí èyí tí ó tẹ́ máa ń yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ títí tí igun rẹ̀ yóò fi kọ́ omi, tí yóò sì dojú dé lójijì. Ohun tí ọkọ̀ yìí yóò ṣe lábẹ́ fọ́tì nìyẹn, bí ìdí rẹ̀ kò bá kọ́kọ́ rì lábẹ́ ìwúwo kìlógíráàmù 70 àti bàbá tí ó jókòó tì í.

Ìròyìn ayọ̀ tí o lè mú lọ bá wọn ni pé 15 kì í ṣe nǹkan ìṣeré lórí ọkọ̀ yìí. Ọkọ̀ alumíníọ̀mù tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 14 fúyẹ́. Ènìyàn méjì lè gbé e kúrò nílẹ̀. Pẹ̀lú bàbá àti ẹnì kan sí i, 15 yóò mú un gbéra, yóò sì sá ju ọ̀pọ̀ ọkọ̀ onípákó tí ó ń lo fọ́tì lọ. Ìyẹn ni ó yẹ kí wọ́n fojú rí kí wọ́n tó pinnu, nítorí pé ọ̀pọ̀ àgbà tí ó ń béèrè fọ́tì ń rántí ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fi ń ná ọ̀sà ní ìgbà èwe wọn. Má bá wọn jiyàn. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá ẹnì kan ní èbúté tí ó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú 15, kí wọ́n sì fọwọ́ ara wọn darí rẹ̀ ní àárọ̀ tí omi parọ́rọ́.

Nítorí pé ìdí ọkọ̀ náà ga ní ínṣì 15, ẹsẹ̀ kúkúrú ni kí o rà. Ìyàtọ̀ wà láàárín ibi tí o wà àti ilé: ní Amẹ́ríkà, wọn kò tún ta alápòpọ̀ tuntun mọ́ nítorí òfin èéfín, nítorí náà èyí tí kì í lo àpòpọ̀ ni o máa rí ní ṣọ́ọ̀bù, yóò sì wúwo díẹ̀ sí i. Kí o tó fi ránṣẹ́, wádìí bí ẹ̀yà ara irú rẹ̀ bá wà ní Èkó, tàbí kí o kúkú fi owó ránṣẹ́ kí bàbá ra ẹ́ńjìnnì nílé, níbi tí mẹkáníìkì wọn yóò ti mọ̀ ọ́n.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí o sọ fún wọn nípa ọ̀sà Èkó. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun máa ń wọlé, ọ̀sà á sì di oníyọ̀, iyọ̀ sì jẹ́ ọ̀tá alumíníọ̀mù àti ti ihò tí omi ń gbà tu ẹ́ńjìnnì lára. Lẹ́yìn gbogbo ìrìn, kí wọ́n fi omi kànga tàbí ti ẹ̀rọ fọ inú ẹ́ńjìnnì náà, kí wọ́n sì máa wo ègé irin síńkì tí ó wà lára rẹ̀, èyí tí iyọ̀ ń jẹ dípò ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ó bá ti jẹ dé ìdajì. Èkejì ni pé ọ̀pọ̀ ibi nínú ọ̀sà náà kò jìn, àyàfi ojú ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ ńlá, bí atẹ́gùn ọ̀sán bá sì ti dé, ìgbì rẹ̀ máa ń kúrú, á sì máa gbá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ pẹrẹsẹ bí ẹni ń gbá ìlù. Kí bàbá jáde ní kùtùkùtù, kí wọ́n sì padà kí oòrùn tó kanrí. Kí wọ́n má ṣe gbé e lọ sí ẹnu òkun rárá.

Lára ẹ́ńjìnnì náà, wàá rí okùn pupa kékeré kan tí a ń so mọ́ ọwọ́ tàbí aṣọ awakọ̀, tí ó máa ń pa ẹ́ńjìnnì bí awakọ̀ bá ṣubú sómi. Ra méjì, fi ọ̀kan sínú àpótí tí ẹ́ńjìnnì wà, kí o sì fi èkejì ránṣẹ́ sí ìyá rẹ, kí wọ́n máa fi dá bàbá padà bí wọ́n bá fẹ́ jáde láìso ó mọ́wọ́.